Orúkọ Kan, Ìran Mẹ́ta: Ọ̀ràn Ata Yẹ́lò Ilé Alhaja

Ẹni tó bá dé ẹ̀yìnkùlé Alhaja ní Adéwọlé, n'Ílọrin, ata ni yóò kọ́kọ́ rí. Kì í ṣe pé ó ń tà á. Iṣẹ́ tíṣà ni Alhaja ṣe títí tó fi fẹ̀yìntì, ata ló wá fi ń pa ìrọ̀lẹ́ jẹ. Á so yìgì ata kan mọ́ òmíràn, á wá jókòó ti ọmọ tí wọ́n bá bí, á máa wò ó bóyá ìyá ló jọ ni tàbí bàbá. Inú eré yìí ni ata yẹ́lò kan ti jáde, tó ń so wọ̀ǹtìwọnti, tí òórùn rẹ̀ sì ń gba gbogbo ilé kan bí wọ́n bá gé e. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní Ata Alhaja, òun náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí òjò 2025 bẹ̀rẹ̀, ó bu irúgbìn rẹ̀ fún ọ̀gbẹ́ni kan tó ń sin adìyẹ ní Ìdófìan. Oṣù kẹjọ ni ọkùnrin náà gbé apẹ̀rẹ̀ kan wọlé, ó gbé e kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú o. Ata tí ẹ fún mi kọ́ nìyí."

"Kí ló dé tí kò fi ní jẹ́ òun? Ṣé kì í ṣe ọwọ́ mi yìí ni mo fi bù ú fún ọ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ bù ú, Màmá. Ṣùgbọ́n ìdí mẹ́rìnlá ló yè. Mọ́kànlá pupa, mẹ́ta péré ló yẹ́lò. Mo sì ti sọ fáwọn oníbàárà mi pé yẹ́lò ni."

Alhaja fárígá. Ó ní bóyá ọkùnrin náà ti da irúgbìn ọjà mọ́ ọn. Ọkùnrin náà ní òun ò da irúgbìn kankan mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì kò jà, ṣùgbọ́n inú Alhaja bàjẹ́, torí ó gbà pé wọ́n ń pe òun ní òpùrọ́ lọ́nà ẹ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ránṣẹ́ pè mí. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní Agric rí nílé ìwé kan náà tí Alhaja ti ṣiṣẹ́, "Tíṣà Agric" ni ó ṣì ń pè mí di òní.

Kí ọ̀ràn náà tó lè yé èèyàn, àfi kó mọ bí ata náà ṣe délé ayé. Lọ́dún 2021, Alhaja mú rodo pupa tí àbúrò rẹ̀ ń gbìn ní Òmù-Àrán, ó fi ṣe ìyá. Ata yẹ́lò olóòórùn tí wọ́n ń gbìn ní Nsukka, tí ọmọ rẹ̀ kan rà bọ̀ láti ìlà oòrùn, ló fi ṣe bàbá. Ohun tó ń wá kò ju pé kí ọmọ náà so bíi ti ìyá, kó sì ní àwọ̀ àti òórùn bàbá. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ń ṣe é. Òdòdó tó bá ti wú àmọ́ tí kò tíì là, á rọra ṣí i, á fi irin tí wọ́n fi ń fa irun ojú fa gbogbo akọ inú rẹ̀ jáde kí wọ́n tó tú lẹ́búlẹ́bú wọn. Á wá mú òdòdó ata yẹ́lò tó ti là, á fi lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kan orí abo tó ṣẹ́ kù láàárín, á so òwú pupa mọ́ ọrùn òdòdó náà. Tí èso bá yọ níbẹ̀, òwú yẹn ni ẹ̀rí.

Èso tó yọ yẹn kò ní yàtọ̀ sí èso ìyá. Ẹran ara ìyá ni ẹran ara ata tí à ń rí, hóró inú rẹ̀ nìkan ni ọmọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ èyí. Wọ́n á so òwú, wọ́n á rí i pé ata pupa lásán ni ó yọ, wọ́n á sì ní kò mú, wọ́n á jù ú sínú ọbẹ̀.

Alhaja kò jù ú sínú ọbẹ̀. Ó gbin hóró rẹ̀ ní 2022, gbogbo rẹ̀ sì so pupa. Wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ ládùúgbò nígbà náà. Ó rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé nínú ata, pupa ló ń borí yẹ́lò. Ọmọ tó bá gba pupa lọ́dọ̀ ìyá tó sì gba yẹ́lò lọ́dọ̀ bàbá, pupa ni ojú máa rí lára rẹ̀, yẹ́lò á sá pamọ́ sínú. Ìgbà tí ìran àkọ́kọ́ yìí bá dá ara rẹ̀ lóyún tó bímọ ni yẹ́lò máa tún yọjú, ó sì máa ń súnmọ́ ẹyọ kan nínú mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní 2023: nínú ìran kejì, yẹ́lò yọ. Alhaja gbóòórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú èyí tó wù ú jù, ó fi àgékù nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ẹ̀ka rẹ̀ kí oyin má bàa gbé lẹ́búlẹ́bú ibòmíràn wá, ó sì fi irúgbìn rẹ̀ pamọ́. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2024.

Ata tó bá ti so yẹ́lò kò ní pupa kankan lábẹ́lẹ̀ mọ́. Tó bá dá ara rẹ̀ lóyún, yẹ́lò ni gbogbo ọmọ rẹ̀ máa jẹ́, títí lọ. Nítorí náà, tí irúgbìn ata yẹ́lò bá so pupa, nǹkan kan ló ṣẹlẹ̀, kì í ṣe pé ata kàn yí ìwà padà. Èmi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ pé "ilẹ̀ Ìdófìan ló yí i padà." Ilẹ̀ lè mú kí ata ta jù tàbí kó má ta tó, kò lè sọ yẹ́lò di pupa.

Ohun mẹ́ta ni mo fura sí. Àkọ́kọ́ ni oyin: bóyá nẹ́ẹ̀tì ya, tí lẹ́búlẹ́bú ata pupa sì dé orí ata yẹ́lò. Ìkejì ni adìyẹ, ibẹ̀ sì ni Alhaja fẹ́ ká dúró sí. Ẹyẹ kì í mọ̀ pé ata ń ta. Á gbé e mì, hóró á gba ikùn rẹ̀ kọjá láìfọ́, á sì hù níbi tó bá yà á sí. Ẹni tó ń sin adìyẹ, tó ń fún wọn ní àjẹkù ilé ìdáná, tó tún ń da ìgbẹ́ wọn sóko, ata tí kò gbìn kò lè ṣàì hù níbẹ̀. Ìkẹta ni pé irúgbìn tí Alhaja bù kì í ṣe èyí tó rò pé òun bù.

Ọ̀ràn adìyẹ ni mo kọ́kọ́ wò, torí òun ló lè dá ìjà sílẹ̀. Mo bá ọkùnrin náà dé Ìdófìan. Ìlà méjì tó tọ́ ni ata rẹ̀ tò sí, àlàfo tó wà láàárín wọn dọ́gba. Ata tó hù fúnra rẹ̀ kì í tò bẹ́ẹ̀. Mo já ata pupa mélòó kan, mo gé wọn sí méjì, mo gbé wọn súnmọ́ imú. Mẹ́rin nínú ìdí pupa mọ́kànlá náà ní òórùn ata Nsukka, kò farasin rárá. Rodo inú àjẹkù kò lè ní òórùn yẹn. Ẹ̀jẹ̀ bàbá wà lára wọn, ilé Alhaja ni wọ́n ti wá.

Oyin náà kò dúró. Ata lè dá ara rẹ̀ lóyún, kò nílò oyin dandan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oyin máa ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níbi tí ata oríṣiríṣi bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ká ní oyin ni, pupa kan tàbí méjì ni ì bá yọ láàárín yẹ́lò. Mọ́kànlá nínú mẹ́rìnlá ti pọ̀ jù fún oyin tó jí gba abẹ́ nẹ́ẹ̀tì wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye yẹn dáadáa. Mọ́kànlá pupa sí mẹ́ta yẹ́lò kò jìnnà rárá sí mẹ́ta sí ẹyọ kan tí ìran kejì máa ń ní. Ata yẹ́lò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàápàá kò jọra. Ọ̀kan gùn bíi ṣọ̀mbọ̀, ọ̀kan rí roboto, ìkẹta jọ rodo àmọ́ kò ní òórùn kankan. Irúgbìn tí wọ́n ti yàn fún ọdún méjì kò yẹ kó máa fọ́n ká báyìí.

Ọkùnrin náà tún sọ nǹkan kan tí òun fúnra rẹ̀ kò kà sí. Ó ní ṣíbí kékeré kan tó kún ni òun gbìn, ìwọ̀nba yẹn ló sì hù. Irúgbìn ata tó bá pẹ́ nínú ooru máa ń kú díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ni mo fi padà sí Adéwọlé láti lọ wo dúrọ́ọ̀ Alhaja.

Inú dúrọ́ọ̀ kábíìnẹ́ẹ̀tì pálọ̀ ni irúgbìn wà, láàárín fọ́tò àtijọ́ àti kọ́kọ́rọ́ tí kò sẹ́ni tó mọ ilẹ̀kùn wọn mọ́. Nǹkan mẹ́ta ló gbé jáde: bébà tí wọ́n ká, ọ̀rá kékeré tí wọ́n ta ní kókó, àti ìgò oògùn oníke. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìkọ̀wé tíṣà tó rẹwà: Ata Alhaja. Kò sí ọdún, kò sí ìran, kò sí ohunkóhun mìíràn.

"Nínú èwo lẹ ti bù fún un, Alhaja?"

"Tíṣà, ṣebí ata kan náà ni."

Ọ̀ràn náà wà nínú gbólóhùn yẹn. Lójú Alhaja, ata kan ṣoṣo ló wà, tó ń dàgbà bí ọmọ ṣe ń dàgbà, orúkọ rẹ̀ kò sì yí padà. Ṣùgbọ́n irúgbìn tó wà nínú dúrọ́ọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá gbin hóró inú ata pupa ti 2022, ìran kejì ló gbìn, tí ohun gbogbo ṣì dàrú nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbin ti 2023, ìran kẹta ló gbìn, yẹ́lò ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́. Ti 2024, ìran kẹrin. Orúkọ bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lẹ̀.

Èwo wá ni ti ọdún wo? A tú bébà náà. Ojú ìwé tí wọ́n ya nínú ìwé ìṣirò ọmọ-ọmọ Alhaja ni, ìdá àti ìpín ló kún un, tíṣà fi bírò pupa fa àmì sí i, déètì sì wà lókè: oṣù kọkànlá, 2022. Ohun tí déètì yẹn lè sọ kò ju pé a kò lè ti di irúgbìn sínú bébà náà ṣáájú ọjọ́ yẹn. Bébà àtijọ́ ṣeé lò lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ìgò oògùn ní tirẹ̀ ní déètì tí wọ́n ṣe é: 2024. Wọn kò lè ti di irúgbìn sínú rẹ̀ ní 2023, torí ìgò náà kò tíì sí láyé. Ó jọ pé ìgò ni ìran kẹrin nìyẹn. Ó wá ku bébà àti ọ̀rá. Ọmọ-ọmọ náà, tó ti wà ní SS2 báyìí, tú fóònù rẹ̀. Ó ti ya fọ́tò ata pupa tí wọ́n là sílẹ̀ lórí àwo, tí wọ́n ń sá hóró rẹ̀ lábẹ́ òjìji, ìparí 2022, bébà ìṣirò náà sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, kedere. Bébà ló ní ìran kejì, ọ̀rá ló ní ìran kẹta.

Alhaja wá rántí pé bébà ló wà lókè dúrọ́ọ̀ lọ́jọ́ tí òun bu irúgbìn fún ará Ìdófìan. Ó wo bébà yẹn títí. "Ọmọ ọlọ́mọ ò purọ́," ló sọ, ó sì ní kí wọ́n bá òun pè é lórí fóònù.

Èmi rò pé iṣẹ́ ti parí. Àfi ìgbà tí a bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé láti lọ fi ata tó wà nílẹ̀ wé irúgbìn inú dúrọ́ọ̀, tí a rí i pé ibẹ̀ burú ju inú ilé lọ.

Alhaja kì í ṣe ẹni tí kò fi àmì sí ata rẹ̀. Ó fi sí gbogbo wọn. Àwọn tó kọ sára igi áísìkiriìmù, ikán ti jẹ wọ́n tán, ó ku ìdí wọn nínú ilẹ̀. Àwọn tó gé lára ike funfun tó fi máàkà kọ, oòrùn ti pa ìkọ̀wé rẹ́. Máàkà tí wọ́n kọ "kì í parẹ́" sí lára, omi ni kò lè pa á rẹ́. Tó bá kojú oòrùn Ìlọrin láti ìgbà ọyẹ́ dé ìgbà òjò, á ṣí. Mo rí ike kan tí A àti L nìkan ló kù lójú rẹ̀. Àwọn tó fi bírò kọ ló yà mí lẹ́nu. Yíǹkì wọn ti lọ, ṣùgbọ́n ẹnu bírò ti gbẹ́ ike náà. Tí a bá gbé e dábùú sí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀, ihò ìkọ̀wé náà á ṣe òjìji tín-ín-rín, èèyàn á kà á. Ọmọ-ọmọ náà ló ka púpọ̀ nínú wọn, ojú èmi àti Alhaja kò gbé e mọ́.

Ìkọ̀wé tó ṣeé kà pàápàá, ṣé a lè gbà á gbọ́? Wọ́n ṣe wòlímọ̀ nílé náà lóṣù díẹ̀ ṣáájú. Wọ́n fẹ́ ta kánópì sẹ́yìnkùlé, wọ́n kó gbogbo kọ́ńtéènà ata sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn àmì tó jábọ́ sì wà nínú abọ́ kan. Nígbà tí àlejò lọ tán, àwọn ọmọdé kó kọ́ńtéènà padà, wọ́n sì pín àmì náà fún wọn, ọ̀kan fún ọ̀kan, kó má bàa sí èyí tí kò ní. Iṣẹ́ rere ni wọ́n rò pé àwọn ṣe.

Ibí yìí ni èmi àti Alhaja ti fẹ́ ja díẹ̀. Èmi ní gbogbo àmì tó ti gba inú abọ́ kọjá ti di òfo. Òun ní kò burú tó bẹ́ẹ̀: àmì tó bá sọ pé yẹ́lò, tí ata ìdí rẹ̀ sì yẹ́lò, kí ló tún kù? Ohun tó kù pọ̀. Yẹ́lò ìran kejì àti yẹ́lò ìran kẹrin, ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ lára ìdí kan ṣoṣo. Àmì tó bá ìdí rẹ̀ mu lè bá a mu nítorí pé orí gbè é. Irọ́ inú ìwé sì burú ju àlàfo lọ, torí ẹni tó rí àlàfo á béèrè, ẹni tó rí irọ́ á gbà á gbọ́, á sì kọ́lé lé e lórí. Mo ní kí a kọ "a kò mọ̀" sí wọn.

"Kí n wá kọ a kò mọ̀ sára ata tí mo fọwọ́ mi gbìn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Alhaja."

Ó gbà, àmọ́ kò gbà á tinútinú. Ohun tó jẹ́ kó gbà ni pé fọ́tò gba díẹ̀ padà fún un. Ẹnì kan ti ya ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ tí wọ́n ń ta kánópì, kí wọ́n tó ṣí kọ́ńtéènà nípò. Agolo ọ̀dà búlúù tí etí rẹ̀ sán, báfù ọmọdé tó ti là, àti garawa dúdú tí wọ́n fi wáyà so létí: àwọn mẹ́ta yìí kò ní ìbejì, a rí wọn nínú fọ́tò, a rí ike tó wà nínú wọn, a sì mọ ata tó ni ike kọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù di "a kò mọ̀."

A tún dán irúgbìn wò, kó má jẹ́ pé àròjinlẹ̀ nìkan la gbára lé. Ìparí oṣù kẹjọ ni a gbìn díẹ̀ nínú bébà, díẹ̀ nínú ọ̀rá, díẹ̀ nínú ìgò, kálukú nínú tírè tirẹ̀, wọ́n sì ń bu omi kànga rin wọ́n nígbà tí òjò dá. Ti bébà, díẹ̀ ló hù. Nínú ìdí mẹ́sàn-án tó so, mẹ́fà pupa, mẹ́ta yẹ́lò. Ti ọ̀rá so yẹ́lò gbogbo, àmọ́ oríṣi méjì ni ìrísí wọn. Ti ìgò yẹ́lò pátá, wọ́n jọra, òórùn wọn kò sì tàsé. Ó bá ohun tí bébà ìṣirò àti ìgò oògùn ti sọ mu.

Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ báyìí yàtọ̀. Ara ata kò gbé orúkọ mọ́, nọ́ńbà nìkan ni. Inú ìwé ni ìtàn wà. Ìsoyìgì àkọ́kọ́ ti 2021 ni 21-1. Nínú ìwé, ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ, kí wọ́n tó kọ bàbá, bí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí káàkiri ayé ṣe sábà máa ń ṣe é: rodo Òmù-Àrán × ata Nsukka. Ìdí kẹta tí wọ́n bá gbìn nínú ọmọ rẹ̀ á di 21-1-3. Ìdí karùn-ún nínú ọmọ ìyẹn á di 21-1-3-5. Ìran kan, dáàṣì kan kún un. Ẹni tó bá di nọ́ńbà náà mú á mọ ìran tó dé, á sì lè tọ ọ́ padà dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí láìbi ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà ata tó bá kú, wọ́n kì í fún òmíràn. Àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ fi dí àlàfo. Alhaja ti pariwo lé wọn lórí lórí ìyẹn, ó jọ pé wọ́n ti gbọ́.

Nípa ohun ìkọ̀wé, agolo máàtì la fi ṣe é. Wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n tẹ etí rẹ̀ kó má gé ọmọdé lọ́wọ́, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ìwé ìròyìn, wọ́n fi bírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán tẹ nọ́ńbà sí i. Kò sí yíǹkì níbẹ̀ tí oòrùn máa pa rẹ́. Níbi tí kò bá sí agolo, pẹ́ńsù lára ike tó hára díẹ̀ sàn ju máàkà lọ fíìfíì. Ọ̀kan ń wà lára ẹ̀ka, wáyà rẹ̀ tú díẹ̀ torí pé igi ata á sanra, á sì gé ara rẹ̀ sínú wáyà tó bá fún. Ìkejì wọn ń rì mọ́ inú iyẹ̀pẹ̀ létí kọ́ńtéènà. Ewúrẹ́ tàbí kánópì lè mú ọ̀kan lọ. Lára àpò irúgbìn, wọ́n ń kọ nọ́ńbà, ọjọ́ tí wọ́n yọ hóró, àti bóyá abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ló ti so tàbí ìta gbangba. Ọmọ-ọmọ náà ń ya fọ́tò ojú ìwé, ó ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ l'Ékòó. Alhaja kò fẹ́ràn nọ́ńbà, ó ní ó dà bíi pé òun ń pe ọmọ òun ní nọ́ńbà ẹlẹ́wọ̀n. Ó wá ń kọ orúkọ ìnagijẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà nínú ìwé. Èmi ò bá a jà sí ìyẹn, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti kọ ọ́ sára ata.

Ará Ìdófìan ti fẹ́ tẹ ọ̀rá aláwòrán pé "Ata Alhaja", kó máa ta irúgbìn rẹ̀. Mo ní kó ní sùúrù. Òfin irúgbìn ti 2019, tí àjọ ìjọba tó ń jẹ́ National Agricultural Seeds Council ń bójú tó, wà lórí ẹni tó bá fẹ́ ta irúgbìn. Òfin tó ń dáàbò bo ẹni tó mú irúgbìn tuntun jáde náà wà láti 2021. Èyíkéyìí tí wọ́n bá lọ bá, ara ohun tí wọ́n máa béèrè nìyí: ṣé ata yìí yàtọ̀ sí èyí tó wà nílẹ̀, ṣé ó jọra wọn láàárín ara wọn, ṣé ó máa ń jọ ara rẹ̀ láti ìran dé ìran? Ìlànà tí ayé fi ń sọ ohun ọ̀gbìn lórúkọ, tó ti wà láti 1953, ohun kan náà ló dúró lé. Tí ìwé kò bá sí, ẹnu lásán la máa fi dáhùn. Ata tó wà nínú ìgò súnmọ́ ọn, kò tíì débẹ̀. Ó ku ìran mélòó kan sí i, tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ìyá ọlọ́jà Ìpàta n'Ílọrin kò dúró de ìyẹn, wọ́n ti fún un lórúkọ tiwọn, wọ́n sì ń ná an. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ata ṣe ń gba orúkọ láti ìgbà tí wọ́n ti ti Amẹ́ríkà kó o wá. Ẹnì kan yàn án, kò kọ ọ́, orúkọ ọjà ló kù fún wa.

Alhaja bu irúgbìn inú ìgò fún ọkùnrin náà, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí i. Òun náà kó ata pupa olóòórùn mẹ́rin wá padà, torí èrò ọjà rẹ̀ ní àwọn ò fẹ́ yẹ́lò mọ́, àwọn pupa yẹn ni àwọn fẹ́. Alhaja rẹ́rìn-ín títí. A kọ wọ́n sínú ìwé: ìran kejì ni wọ́n, àmọ́ a kò mọ ìdí wo nínú ìran àkọ́kọ́ ló bí wọn, torí náà x ló wà níbi tí nọ́ńbà ìyá wọn ì bá wà. 21-1-x-1 dé 21-1-x-4, láti Ìdófìan, ìta gbangba, kò sí nẹ́ẹ̀tì.